Eré ìdárayá wo ló bá ara mi mu? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ Òkun

Láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Òkun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn ìbéèrè kan wà tí àwọn aláàbọ̀ ara àti ẹbí wọn máa ń bi wá ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá bá délẹ̀. A kó wọn jọ síbí, a sì dáhùn wọn bí a ṣe ń dáhùn wọn lójúkojú. Ẹ ka èyí tó kàn yín, ẹ fo èyí tí kò kàn yín.

Ṣé kì í ṣe ìsinmi ló yẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò pé?

Rárá o. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn máa lo ara rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ìlànà náà máa ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Iye eré ìdárayá tí wọ́n ní kí àwọn tó kù máa ṣe náà ni wọ́n ní kí àwa aláàbọ̀ ara náà máa ṣe, níwọ̀n bí agbára bá ṣe gbé e.

Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́, iṣan rẹ̀ á máa rù, oríkèé rẹ̀ á máa gan, ìgbẹ́ á máa le, oorun ò ní wọ̀ ọ́ dáadáa. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ á fi wá kún èyí tó wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú ilé wa, ìfẹ́ ló sábà máa ń fa ìjókòó yìí. Ọmọ á gbé omi wá, ìyàwó á gbé oúnjẹ wá, àbúrò á sáré lọ mú bàtà: "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, a ó ṣe é." Wọn ò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n apá tí wọn ò jẹ́ kó na mú ife omi lónìí, tó bá yá kò ní lè gbé ife náà mọ́. Ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ jọ pín in: èyí ni kí ẹ bá mi ṣe, èyí ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Eré ìdárayá pọ̀ lóríṣiríṣi. Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tí n ó yàn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Àìsàn mi nìyí, eré wo ló wà fún un?" Èmi a máa bi wọ́n ní nǹkan mìíràn: kí lẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe fún yín tí kò lè ṣe báyìí, tàbí tí ẹ̀rù ń bà yín pé kò ní lè ṣe mọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Kàbbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò lágbára, ohun tó fẹ́ ni kó lè dìde lórí àpótí láìpe ẹnikẹ́ni. Ìjókòó-ìdìde gan-an ni eré ìdárayá tirẹ̀: kó kọ́kọ́ máa ṣe é lórí àga gíga, tó bá mọ́ ọn lára, kó bọ́ sórí èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn, tó fẹ́ máa dé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè, ìrìn gígun òkè díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀, pẹ̀lú ohun tí yóò fún apá àti ìbàdí lókun. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, tó fẹ́ máa ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ó nílò agbára láti fi ọwọ́ méjèèjì ti ara sókè.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo apá kejì: ẹ̀yà ara wo ló ń ṣiṣẹ́ fún òmíràn? Tí ẹsẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, èjìká àti ọrùn ọwọ́ ló di ẹsẹ̀. Tí ọwọ́ òsì bá rọ, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣe tàwọn méjèèjì. Ẹ̀yà ara tó ń ṣiṣẹ́ méjì yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ jù lọ. Eré ìdárayá tó bá fún un lókun, ẹ mú un. Èyí tó bá ń mú un joró, bó ti wù kí wọ́n yìn ín tó lórí fóònù, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ fi wọn gbogbo èyí tó kù nìyẹn.

Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ rí dókítà?

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa na apá, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ rí dókítà kọ́kọ́ tí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì rọlẹ̀, tí gìrì ń gbé yín, tí sítróòkì yín kò tíì pẹ́, tí egbò wà lára yín, tàbí tí àìlera kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù ni físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá ran iṣan àti oríkèé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ará wa ló ń lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí ti yunifásítì ní Ìlọrin kí wọ́n tó rí i, owó mọ́tò kì í sì í ṣe kékeré. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìrìn-àjò kan ṣoṣo náà so èso. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ lè ṣe sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú ẹni tó ń tọ́jú yín dání. Ẹ ní kí físíò wò yín bí ẹ ṣe ń ṣe eré náà, kí ẹni tí ẹ mú dání fi fóònù ya fídíò yín, kì í ṣe fídíò físíò. Kí ẹ sì béèrè ohun méjì kí ẹ tó dìde: "Kí ni n kò gbọ́dọ̀ ṣe?" àti "Ìgbà wo ni n ó fi kún un?"

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Fún àgbàlagbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó jẹ́ 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó bá jẹ́ èyí tó le níwọ̀nba, tàbí 75 sí 150 ìṣẹ́jú tó bá le gan-an. Kí eré tó ń fún iṣan lókun wà níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí àwọn tó ti lé ní ọdún 65 sì fi ti ìdúró ṣinṣin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n má bàa máa ṣubú.

Kí ẹ má jẹ́ kí iye yìí dẹ́rù bà yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún lóòtọ́ ju òfo lọ, àjọ náà sì sọ bẹ́ẹ̀ pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá. Ẹ ṣe márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Láti mọ bó ṣe le tó, ẹnu yín ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin kò lè jáde, ibi tó yẹ kí ẹ wà nìyẹn. Tí ẹ bá lè kọ orin ìyìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ lè fi kún un. Tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò bá lè jáde kí ẹ tó mí, ẹ dín in kù. Èyí dára ju kíka bí ọkàn ṣe ń lù lọ fún ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa tàbí tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, nítorí pé ìlù ọkàn tiwọn kì í yára bíi ti ẹlòmíràn.

Pólíò ló mú mi ní kékeré. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ẹsẹ̀ tó dára tẹ́lẹ̀ sì ti ń rẹ̀ mí. Ṣé kí n máa sáré sí i ni?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fara balẹ̀ lórí ìbéèrè yìí, nítorí pé àwọn tó wà ní irú ipò yín kò kéré láàárín wa, ìmọ̀ràn tí wọ́n sì ń rí gbà, "tún gbìyànjú sí i," lè pa wọ́n lára.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú pólíò tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó mú ṣáájú ìgbà náà ṣì wà láàyè, wọ́n sì ti ń di àgbà. Ohun tí pólíò ṣe ni pé ó pa apá kan nínú àwọn iṣan-ara tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹran ẹsẹ̀. Àwọn tó kù wá gba iṣẹ́ àwọn tó kú mọ́ tiwọn, bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó ń ro oko ènìyàn mẹ́wàá. Wọ́n lè ṣe é fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ó ń rẹ̀ wọ́n. Àìlera tuntun, rírẹ̀ tó ju ti tẹ́lẹ̀, àti ìrora inú iṣan tó yọjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ń pè ní post-polio syndrome. Ó lè bá ẹsẹ̀ tí pólíò mú, ó sì lè bá èyí tí ẹ rò pé kò fọwọ́ kàn rárá.

Kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, nítorí pé àìlẹ́jẹ̀, àtọ̀gbẹ àti àìsàn tíróìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, náà máa ń mú ènìyàn rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ti pólíò ni, eré tó fúyẹ́ tí ẹ ó máa dá dúró láàárín rẹ̀ ló bá yín mu: ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ kan, ẹ fi ọjọ́ kejì sinmi. Iṣan tí kò lè gbé ara rẹ̀ sókè mọ́, ẹ má fi ẹrù kankan kọ́ ọ. Lílúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí kò tutù dára púpọ̀ fún irú yín níbi tí ó bá ti wà láìléwu, tí ẹni tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà nítòsí. Odò ọ̀nà oko kì í ṣe irú ibẹ̀.

Òfin kan ni kí ẹ mú: tí rírẹ̀ tàbí ìrora òní bá ṣì wà lára yín ní ọ̀la, ti òní ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù dé ìdajì. Tí físíò bá sì ní kí ẹ gba irin ẹsẹ̀ tàbí ọ̀pá tí ẹ ti fi sílẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, ẹ gbà á. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti padà sẹ́yìn. Agbára tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni ẹ ó fi dé ibi tó wù yín.

Ọ̀pá abíyá ni mo ń lò. Ṣé rírìn pẹ̀lú rẹ̀ tó ní eré ìdárayá?

Ó tó, ó sì le ju ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ọ̀pá tí kò bá gíga ènìyàn mu. Ẹ dúró gbọọrọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀: ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín orí ọ̀pá àti abíyá yín. Ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀: ibi ìdìmú gbọ́dọ̀ wà ní déédéé ọrùn ọwọ́, kí ìgbọ̀nwọ́ lè tẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá dì í mú. Ọwọ́ ló ń gbé ara, kì í ṣe abíyá. Ẹni tó ń fi abíyá rọ̀ mọ́ ọ̀pá ń tẹ iṣan-ara tó lọ sí ọwọ́, tó bá yá, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìrìrì, ó sì lè rọ débi pé kò ní lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè.

Ẹ yẹ rọ́bà ìsàlẹ̀ ọ̀pá wò. Tó bá ti dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí àpáta ìlú wa, àti sìmẹ́ńtì tó tutù, kì í dárí jini.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń lò, èjìká sì ń dùn mí.

Èjìká ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ fún ẹni tó ń fọwọ́ wa kẹ̀kẹ́, pàápàá lórí ọ̀nà oníyanrìn àti olókùúta bíi tiwa. Ìdí ni pé títì sí iwájú ni ẹ ń ṣe ní gbogbo ọjọ́, nítorí náà iṣan àyà á le, ti ẹ̀yìn á rọ, èjìká á sì yẹ̀ síwájú. Eré ìdárayá tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ fífà sẹ́yìn.

Ẹ wá tíúbù ọ̀kadà tó ti gbó lọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ gé e kó gùn, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ so àárín rẹ̀ mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní déédéé àyà yín. Ẹ há bíréèkì kẹ̀kẹ́, kí ẹ kọjú sí òpó náà, kí ẹ di etí méjèèjì mú, kí ẹ fa ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn títí eegun èjìká méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ẹ kà dé mẹ́ta, kí ẹ wá dá a padà pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó já yín gbà. Ìgbà mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é títí ìpele mẹ́ta, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Tí mẹ́wàá bá rọrùn pátápátá, ẹ ká tíúbù náà kúrú díẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́, ẹ fọwọ́ ti táyà gígùn pẹ̀lẹ́ dípò kí ẹ máa tì í ní kíákíá kíákíá, kí ọwọ́ sì rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó padà sókè. Tí ìdí yín kò bá mọ ìrora, ẹ tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí egbò má bàa dá síbẹ̀. Eré ìdárayá kò gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú, ọ̀pá ẹ̀yìn mi sì fara pa. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìlànà kan wà fún irú yín tí àwọn onímọ̀ tún ṣe ní ọdún 2018: ó kéré tán, 20 ìṣẹ́jú eré tó ń mú èémí yára, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú eré agbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìpele mẹ́ta fún iṣan kọ̀ọ̀kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti dáàbò bo ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, kó jẹ́ 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun méjì ló léwu tí ibi tó fara pa bá ga dé àárín àyà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ooru. Ibi tí kò mọ nǹkan lára kò lè làágùn dáadáa, nítorí náà ara á máa gbóná sínú. Ní oṣù kejì sí ìkẹrin, ẹ ṣe eré yín kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí aṣọ tútù àti omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Èkejì ni kí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín lójijì, kí ojú pọ́n, kí òógùn bo orí àti ọrùn nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ti ń ru gan-an nìyẹn, ó sì lè di sítróòkì. Ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ jókòó gbọọrọ, ẹ sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì àti ohunkóhun tó fún. Kí ẹni tó wà nítòsí wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ti ká mọ́lẹ̀, nítorí ìtọ̀ tó kún ló sábà máa ń fà á. Tí kò bá rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ilé-ìwòsàn ló kàn. Kí gbogbo ará ilé mọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré kankan.

Bàbá mi ní sítróòkì, apá àti ẹsẹ̀ òsì sì rọ. Kí la lè máa ṣe nílé?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Tó bá jẹ́ 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí eré lọ́jọ́ náà, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Tó bá dára, ẹ ti àga tó lágbára mọ́ ògiri. Kí bàbá jókòó sétí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n wá dìde. Kí ìwúwo wà lórí ẹsẹ̀ òsì náà, kó má jẹ́ pé ọ̀tún ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má fa apá tó rọ láé, ì báà ṣe láti gbé wọn dìde tàbí láti wọ ẹ̀wù fún wọn, èjìká lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló dára jù láti fi kọ́ ọwọ́: kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n máa ká aṣọ, kí wọ́n máa gbé ife láti ibì kan sí ibòmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá a lọ ṣì máa ń rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ mi. Ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀?

Kí ẹ tó rí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rárá. Tí dókítà bá ti gbà, ẹ máa dojú bolẹ̀ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ìbàdí má bàa ká síwájú. Ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ kùkùté ẹsẹ̀ náà, bó ti wù kó tura tó, nítorí pé oríkèé tó bá ti ká kò ní gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Tí ẹ bá ti ń wọ̀ ọ́, ẹ fi díńgí wo awọ ara níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe eré àti lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó bá pọ́n tí kò padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ bọ́ ẹsẹ̀ náà títí wọn á fi tún un ṣe. Tó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ló fa gígé, ẹ yẹ ẹsẹ̀ kejì wò lójoojúmọ́, ẹ má rìn láìwọ bàtà, kí ṣúgà díẹ̀ sì wà lápò yín nígbà eré, bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù.

Kò sí jíìmù nítòsí wa.

Ẹ ò nílò rẹ̀. Tíúbù ọ̀kadà la ti sọ. Ike omi lítà kan tó kún fún omi wọn kìlógíráàmù kan, tó bá jẹ́ yanrìn ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri tó dúró dáadáa tó fún ẹni tó fẹ́ máa fọwọ́ tì í. Àwọn ìyá wa ní Ògìdì àti Búnú tó ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró gbọọrọ ń lo ẹ̀yìn, ìkùn àti apá láti ìjókòó, eré ìdárayá ni ìyẹn náà fún ẹni tó lè jókòó ṣinṣin, bí wọ́n bá ń dìde sinmi láàárín rẹ̀.

Ọmọ mi ní cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ láti ìkókó tó ń dí lílo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ó lè ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀?

Kí ó ṣeré. Wákàtí kan lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá fún àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, kò sì yẹ kó dà bí oògùn lójú wọn. Ẹ sọ bọ́ọ̀lù sí i, kí ó fi ọwọ́ tó le mú un. Kí àwọn ọmọ adúgbò jókòó sílẹ̀ bá a ṣeré. Tí ilé-ìwé bá ní kó dúró ní kíláàsì nígbà eré, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín: òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, kò gba ìyàsọ́tọ̀ láàyè.

Ojú ń tì mí. Àwọn ènìyàn á máa wò mí.

Wọ́n á wò yín lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá tó bá wù yín, kí ẹ sì wá ẹnì kejì tó jẹ́ aláàbọ̀ ara bíi tiyín, kí ẹ jọ máa ṣe é. Ẹ fi fídíò Folashade Oluwafemiayo, aláàbọ̀ ara ọmọ Nàìjíríà, han àwọn ọmọ ilé: ó gba wúrà nínú gbígbé irin ní Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, ti Tokyo, ó tún gbà á ní Paris lọ́dún 2024. Lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti ń gbé irin náà, ní ìdùbúlẹ̀, pẹ̀lú apá àti àyà. Lucy Ejike, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé irin bíi tirẹ̀, gba wúrà tirẹ̀ ní Athens, ní Beijing àti ní Rio.

Irú ìrora wo ló yẹ kó dá mi dúró?

Kí iṣan máa dunni díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò burú, bí kò bá ṣe pólíò lẹ ní. Ìrora tó gún yín nínú oríkèé, oríkèé tó wú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tipiri, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ jẹ́ kí físíò tàbí dókítà wò ó. Tí àyà bá fún yín, tí èémí kò bá balẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, tí ẹnu bá yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀.

Ìgbà wo ni kí n yí eré mi padà?

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ lè jókòó-dìde láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tàbí iye òpó iná tí ẹ lè rìn kọjá kí ó tó rẹ̀ yín, sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tó bá ti pọ̀ sí i, ẹ fi ohun kan ṣoṣo kún un, kì í ṣe ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá yí padà, tí ẹ sì ń ṣe é déédéé, ẹ gbé kàlẹ́ńdà náà lọ bá físíò.